Ọmọ Ogun Láti Ara Láníhun

Gbogbo àárọ̀ Ọjọ́rú ni Mojírọ́lá máa ń lọ gba ọmọ ogun ara ní ilé ìwòsàn. Kòkòrò àrùn tó wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti pẹ́ níbẹ̀, kò sì ṣeé pa tán. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ni kì í jẹ́ kó gbérí. Tirẹ̀ ti jà títí ó ti rẹ̀ wọ́n, ló ṣe ń gba ti ẹlòmíì.

Lọ́jọ́ yìí, nọ́ọ̀sì gbé àpò omi rúsúrúsú kan kọ́. Orúkọ ẹni tó fi í tọrẹ wà lára rẹ̀, bí òfin ṣe wí: Láníhun. Mojírọ́lá fa apá sẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀ àtijọ́ ni, ẹni tó kó àrùn náà ràn án, tó sì já a jù sílẹ̀.

“Ẹ gbé e kúrò! Ohun tó ti ara ọkùnrin yẹn wá ò tún ní wọ ara mi mọ́.”

“Mà, ara rẹ̀ ti ṣẹ́gun àrùn náà, tirẹ̀ nìkan ló sì bá ara yín mu nínú èyí tó kù nílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá kọ̀ ọ́, ẹ̀dọ̀ yín á máa bàjẹ́ lọ ni.”

Mojírọ́lá di ojú, ó na apá. Bí omi náà ṣe ń wọlé, ó bì sínú abọ́, àmọ́ kò mi apá.

Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá. “Ó ku ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí òfin ní kẹ́ ẹ sọ ránṣẹ́ sí Láníhun, mà.”

Mojírọ́lá nu ẹnu. “Ẹ̀yin ọmọ ogun, ẹ ṣé o, ẹ káàbọ̀. Láníhun, ìwọ ni mi ò kí.”