Ìránṣẹ́ Kan fún Gbogbo Ìbéèrè

Àwọn tó wà nínú yàrá lọ́sàn-án ọjọ́ náà nìyí: Àríkẹ́, ìyá àgbà ilé, Salifou ọmọ rẹ̀, Ramatou ìyàwó Salifou, Chérifatou ọmọ Ramatou, tó ti lóyún, Fréjus ará Bessé, tó fẹ́ fi í ṣaya, àti Kàmál, ọmọ ọmọ Àríkẹ́, tó gbé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà lé orí itan.

Nílé wọn ní Savè, wọn kì í fọmọ fọ́kọ láìkọ́kọ́ bi Àríkẹ́ bóyá ẹ̀jẹ̀ kan náà wà lára ọkọ àti ìyàwó. Tẹ́lẹ̀, wọn kì í tíì bi í tán tí yóò fi dáhùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní ogbó ti ń mú òun gbàgbé, kí wọ́n bi ẹ̀rọ Kàmál. Òun náà ló ka orúkọ gbogbo ẹbí fún Kàmál, òkú àti alààyè, Fréjus sì ka ti ẹbí tirẹ̀, tí Kàmál kó gbogbo wọn sínú ẹ̀rọ.

Salifou kọ́kọ́ ní kí Kàmál yọ orúkọ àwọn tó ṣì wà láàyè jáde, kí òun lè mọ ẹni tí òun máa pè síbi ìgbéyàwó. Ẹ̀rọ kó wọn sílẹ̀. Kàmál wá béèrè bóyá Fréjus àti Chérifatou ní bàbá ńlá kan náà.

Ẹ̀rọ ní kò sí.

Salifou rẹ́rìn-ín. Ó ní òógùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àna òun lọ. Ramatou ò gbójú sókè.

"Pa á dé, Kàmál," ni Àríkẹ́ wí. "Ó ti tó."

Kàmál ò pa á dé. "Ẹ má bínú, Ìyá àgbà. Ìránṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo dá sínú rẹ̀, òun ló ń bá wa wá orúkọ fún gbogbo ìbéèrè. Iṣẹ́ tí Bàbá Chérifatou kọ́kọ́ rán an ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀: alààyè nìkan. Àárín àwọn alààyè ló ti lọ wá bàbá ńlá."

"Mo ní kí o pa á dé."

Salifou ní kí ó dá ìránṣẹ́ mìíràn.

Ìránṣẹ́ tuntun ò pẹ́ níbi tó lọ. Ó ní Alimatou tó relé ọkọ ní Bessé láyé àtijọ́ ló bí ìyá ìyá Fréjus, àti pé bàbá kan náà ló bí Alimatou àti bàbá bàbá Salifou.

Òjìji òkè tó wà lẹ́yìn ilé ti dé ojú fèrèsé. Salifou dìde. Kò pariwo. Ó ní èèwọ̀ ni oyún náà, kò ní í di ọmọ nílé òun, kí Chérifatou kó ẹrù rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Chérifatou kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ìyá àgbà mú. "Ẹ gbà mí, Ìyá àgbà. Ẹ̀yin lẹ ṣáà mọ gbogbo wa."

Àríkẹ́ wo Ramatou. Ramatou ń mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

"Kàmál," ni ìyá àgbà wí, "yọ orúkọ Chérifatou kúrò lábẹ́ ti Salifou, kí o tó tún béèrè."