Ìlà Kẹta

Ìwé tí Ràzíátù, ọmọ mi, kọ láti fi gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò ló wà lójú kọ̀ǹpútà mi, ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní àdúgbò Ayigya.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèdélé, olùkọ́ rẹ̀, dúró lẹ́yìn mi.

"Maame, ẹ yọ ìlà ìṣirò kẹta yẹn kúrò. Kò parí rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i bẹ́ẹ̀, wọn ò ní fún un ní oyè."

Mo yọ ọ́.

Lójú ẹsẹ̀, ìlà kẹrin di ìlà kẹta, ìlà karùn-ún di ìlà kẹrin. Kọ̀ǹpútà ló ń to nọ́ńbà wọn fúnra rẹ̀.

"Ó gún régé. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ rí," ni olùkọ́ náà wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ̀ mí létí. Mo dá ìlà náà padà.

"Maame, oyè ọmọ yín ńkọ́?"

"Ta lẹ fẹ́ gbé e fún?"



Àná la ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tí a sin Ràzíátù. Níbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti ké sí Sàwúdátù, ọmọ mi kejì: "Ìwọ àkọ́bí, gbé omi wá."

Ọmọ náà sì dáhùn.