Idà tí Sámúẹ́lì Gbé Dé láti Bọ́mà

Gbogbo Ìlá ló mọ̀ pé àdá kì í ran Oyèwọlé. Kùmọ̀ ló fi ń jà. Ó ti bá àwọn olè kòkó wọ̀yá ìjà lóko lọ́pọ̀ ìgbà, ó ti gba àdá lọ́wọ́ ọkùnrin tó ga jù ú lọ, kò sì sí ẹni tó tíì rí i kí irin bà á lára. Wọ́n ní òkígbẹ́ bàbá rẹ̀ ló jogún, oògùn tí kì í jẹ́ kí irin wọ ara. Nítorí orúkọ yìí, olè kì í fẹ́ gba oko tó bá ń ṣọ́ kọjá.

Ní nǹkan bí ọdún 1946 ni Sámúẹ́lì, tó ti jagun ní Bọ́mà, kó ẹrù rẹ̀ padà wálé. Idà kan wà nínú ẹrù náà, idà àwọn ará Jàpáànì, tó gùn, tó tẹ̀ díẹ̀, tí èèkù rẹ̀ sì gba ọwọ́ méjèèjì. Níwájú ìsọ̀ onígbàjámọ̀, ó fi bẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orí igi náà dúró díẹ̀ kó tó ṣubú.

"Òkígbẹ́ mọ àdá wa," ni Sámúẹ́lì wí. "Ṣé ó mọ èyí?"

Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ ti kárí ọjà, ẹnu kò sì yé sọ ọ́. Tí Oyèwọlé bá kọ̀ kí wọ́n fi idà náà ṣá òun, àwọn olè á gbọ́, wọn á wá dán an wò fúnra wọn nínú igbó. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ló bá lọ bá Bàbá Oyèlẹ́yẹ, àgbà àdúgbò, ó ní òun gbà, kí wọ́n ṣe é ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀.

"Ṣùgbọ́n irin àlejò ni, Bàbá. Kò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kó sùn lọ́dọ̀ mi kí ọjọ́ tó pé, kí n bá a sọ̀rọ̀."

Bàbá Oyèlẹ́yẹ ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni oògùn. Ó mi orí pé ó dáa. Sámúẹ́lì gbé idà náà wá, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń dì í mú han Oyèwọlé.

Nígbà tí Moríyọ̀ ìyàwó Oyèwọlé rí idà náà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ẹ̀rù bà á. Ó ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń gbàdúrà nídìí ààrò.

Láàárọ̀, Oyèwọlé gbé idà náà lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ó fì í bí ẹni fi kùmọ̀ lu nǹkan. Idà náà gba inú igi kọjá bí ẹni pé kò sí igi níbẹ̀, ó sì forí lé ojúgun Oyèwọlé fúnra rẹ̀. Díẹ̀ ló kù. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wo ojú ibi tó gé. Nígbà tó yá, Moríyọ̀ gbọ́ tí irin ń dún lára òkúta.

"Bàbá Fọlákẹ́, idà tí wọ́n fẹ́ fi ṣá yín lẹ tún ń pọ́n?"

"Kí wọ́n má baà ní kò mú ni." Kò wo ojú rẹ̀.

Àràárọ̀ ló ń lọ síbẹ̀. Àwọn igi tó kọ́kọ́ bẹ́ jọ̀lọ̀ lójú. Àwọn ti ẹ̀yìn fọ́ ni, fọ́nrán inú wọn ń rọ̀ wálẹ̀ jálajàla. Moríyọ̀ rí i, ó rò pé ẹ̀rù ti gba okun apá ọkọ òun, ó sì sunkún.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Ọ̀tan, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi."

"Ta ló máa ṣọ́ oko?"

"Ọlọ́run."

"Ọlọ́run ò ní kòkó níbẹ̀."

Lọ́jọ́ ọjà, Oyèwọlé fúnra rẹ̀ ló gbé idà náà wá, ó fi aṣọ funfun wé e. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án àfi ẹni tó máa ṣá òun, torí idà náà ti gbọ́ ohun tí etí lásán ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Àwọn èèyàn sún sẹ́yìn. Ètè Sámúẹ́lì ti gbẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀fẹ̀ ni. Tí ẹ bá kú, wọ́n á yẹgi fún mi."

"Ṣá mi. Tí ẹ̀rù bá ń bà ẹ́, dijú."

Sámúẹ́lì di ojú, ó sì sọ idà kalẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó dún gbì. Oyèwọlé kérora, ó tẹ̀, ó tún nàró. Ẹ̀yìn rẹ̀ wú láti èjìká dé ìhà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Ariwo sọ. Sámúẹ́lì ju idà sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. Moríyọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń pe Jésù.

Bàbá Oyèlẹ́yẹ dìde tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó gba àdá lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan tó dúró nítòsí, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ọ wò.

"Kò yẹ kí irin àlejò nìkan ṣeré lágbo wa. Ẹ jẹ́ ká fi ti ilé parí ẹ̀."

Inú gbogbo èèyàn dùn sí i. Moríyọ̀ pàápàá pàtẹ́wọ́.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbé e délé ná," ni Oyèwọlé wí.

"Àdá wa? Kí lo tún fẹ́ bá a sọ?" Bàbá Oyèlẹ́yẹ rẹ́rìn-ín, ó sì gbé apá sókè.

Oyèwọlé, tí kò yẹsẹ̀ níwájú idà ará Jàpáànì, fò gba orí àwọn tó jókòó kọjá, ó sì ki eré mọ́lẹ̀ gba ọ̀nà Ọ̀tan láìwẹ̀yìn.