Oògùn Tó Kọ̀ Tí Kò Dì

"Na ẹsẹ̀ ẹ, ìyàwó mi."

Nọ́ọ̀sì ni ọkọ. Ìyàwó ló ń po oògùn orúnkún náà níbi iṣẹ́, ìgò kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń fún un lọ́sẹ̀.

Oògùn ọ̀hún ò kéré o. Omi ni nínú firíìjì. Bó bá ti kan ooru ara báyìí, àwọn ẹyọ wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ á wá ara wọn rí, wọ́n á so kọ́ra, wọ́n á dì bí oje igi, wọ́n á di tìmùtìmù fún eegun.

Oṣù mẹ́ta rèé, orúnkún ìyàwó ṣì ń han bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

"Ọwọ́ mi ni ò dáa. Lọ́la ni màá sọ fún ọ̀gá pé oògùn mi ò ṣiṣẹ́."

"Ṣe sùúrù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

Ọkọ ń lé afẹ́fẹ́ jáde nínú abẹ́rẹ́ tó ti fà kún ní kíṣìnì. Ẹ̀kán mélòó kan ta sí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó.

Ó pa ọwọ́ dé. Ó ka ení, èjì, títí dé ọgọ́ta.

Ó la ọwọ́. Omi ń ṣàn gba àárín ìka rẹ̀.

Ó wo ojú ọkọ. Ọkọ ń wo ilẹ̀.

Ni ìyá ọkọ bá sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀pá tí wọ́n ti ń fi tilẹ̀ láti ọdún márùn-ún ò sí lọ́wọ́ wọn.

"Ìyàwó mi, ṣé ó ti gún ẹ ní tìẹ? Oògùn ẹ yìí mà ń ṣiṣẹ́ o!"