Ọ̀bọ Wa Mọ́tò Òkété

Àlọ́ mi ṣẹ́ kọ́nà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Òkété.

Òkété kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Nígbà tó ra mọ́tò, ó wọ ẹgbẹ́ adójútòfò, tí ń gba owó láti máa tún mọ́tò tó bá bàjẹ́ ṣe, tí Erin jẹ́ olórí rẹ̀. Erin kìlọ̀ fún un pé: “Bí àlejò bá yá mọ́tò rẹ lẹ́ẹ̀kan tó sì bà á jẹ́, a ó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bá ọ gbélé, tó sì ń wà á, kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí o fi díẹ̀ kún owó tí ò ń san; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a kò ní tún un ṣe.”

Òkété rò pé ẹ̀tàn ni. Kò dárúkọ Ọ̀bọ, àna rẹ̀ tó ń bá a gbé.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀bọ fi mọ́tò náà kọlu igi àràbà, mọ́tò sì run wómúwómú. Àwọn méjèèjì tọ Erin lọ níwájú gbogbo ẹgbẹ́.

Òkété ní: “Bàbá, àlejò ló yá a, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.”

Erin wo Ọ̀bọ. “Ṣé o tiẹ̀ mọ mọ́tò wà?”

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọ̀bọ. Ó bú sórin, àwọn ẹranko sì ń gbè é:

Ta ní ń wa mọ́tò Òkété láràárọ̀?
*Ọ̀bọ ni!*
Ta ní ń wà á lálaalẹ́?
*Ọ̀bọ ni!*

Òkété ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, kò gbọ́.

Erin ní: “Òkété, o fura sí wa títí, àṣé ìwọ gan-an ló yẹ ká fura sí.”

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn délé. Ọ̀bọ sì ń béèrè pé: “Ìgbà wo la máa ra òmíràn?”

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi ti sọ̀ kalẹ̀.