Ẹ̀bùn Ìjáde Ilé-Ìwé

Ojú ń ta Ok-bun bí ẹni pé wọ́n fi ata sí i.

Àná ni dókítà rán ìpéǹpéjú rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè tóbi sí i, ẹ̀bùn tí wọ́n máa ń fún ọmọ Seoul, ní Korea, tó bá jáde girama.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo kú o!"

Mal-rye, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, gbé yìnyín lé e lójú. "Lo oògùn ẹ, jàre. Ojú tí Ọlọ́run fún ẹ, kí ló ṣe ẹ́?"

"Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, òwú ń fà mí lójú!"

Ọmọ-ọmọ Ok-bun, ọ̀dọ́bìnrin kan, gbé omi elégédé wọlé fún un, kí wíwú ojú lè lọ sílẹ̀.

"Màmá àgbà, ẹ kú oríire ìjáde girama! Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù ní kíláàsì yín!"

Mal-rye fọwọ́ gbé ìpéǹpéjú tirẹ̀ tó ti wó bojú.

"Ọmọ mi, ṣé wọ́n ń gba ẹni ọgọ́rin ọdún níléèwé yẹn?"