Ẹ De Bẹ́líìtì Yín

Ọláìtán nìkan ló wà nínú bàálù kékeré rẹ̀, àmọ́ bárakú ni bárakú ń jẹ́. Kó tó gbéra, ó ní, "Ẹ de bẹ́líìtì yín o," bó ṣe máa ń sọ fún èrò. Nǹkan dún kẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ bíi bẹ́líìtì tí wọ́n dè. Ó ní etí òun ló ń tan òun jẹ.

Lókè igbó, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Tipátipá ló fi balẹ̀ sínú oko ẹ̀gẹ́ kan bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú. Kò fara pa, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì rẹ̀ há, kò ṣeé tú, epo sì ń kán sílẹ̀.

"Ọ̀gá," ohùn kan sọ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, "ṣé ká tú bẹ́líìtì wa báyìí?"

Ọláìtán panu mọ́. Kò bojú wẹ̀yìn. Àṣẹ ni ohun náà ń retí. Bóyá tí kò bá rí i gbà, kò ní dìde.

Kò pẹ́, àgbẹ̀ tó loko sáré dé, àdá lọ́wọ́.

"Ẹ kú ewu o! Epo ń jò! Ẹ tú bẹ́líìtì yín, kẹ́ ẹ jáde!"

Ọláìtán ń mirí sí i kíkankíkan, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nǹkan dún kẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, àdá sì bọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀.